Wáyà Inú Ìda

"Irinṣẹ́ tó ti dógùn-ún ni!" Sufyan pariwo. "Bàbá Rokibat ti lò ó gbó kí wọ́n tó kú. Òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

Rokibat ń wo àpótí oyin Sufyan lábẹ́ igi irúgbá. Afárá ti já lulẹ̀ nínú rẹ̀, oyin ń ṣàn jáde, èèrà sì ti bò ó. Àwọn kòkòrò oyin tí kò kú ti ṣí lọ. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà lóko Ìlọrin kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Rokibat, tó tún jẹ́ bàbá Sufyan, mú irinṣẹ́ náà dání: kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín, tí èèkù igi rẹ̀ ti ń dán. Olóògbé ló fi kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì níṣẹ́. A ó na wáyà la inú férémù já, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí à ń tò sínú àpótí oyin, títí yóò fi máa dún bí a bá ta á níka. A ó tẹ́ pẹlẹbẹ ìda lé e. A ó wá yá kẹ̀kẹ́ náà níná, a ó yí i lórí wáyà, kí wáyà lè rì sínú ìda kí oyin tó mọ afárá lé e. Kò ní hàn sójú mọ́, ṣùgbọ́n òun ni egungun afárá.

Rokibat mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe férémù, ó ká Sufyan mọ́ ibi tó ti ń fi ìda yíyọ́ lẹ pẹlẹbẹ mọ́ igi, láìna wáyà kankan.

"Ta ni yóò la ìda wonú rẹ̀?" Sufyan rẹ́rìn-ín. "Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí o, má tú mi fó."

Rokibat kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Àwọn onírin àlòkù ni n ó gbé e fún," Bàbá Kékeré wí nísinsìnyí, ó ń yí kẹ̀kẹ́ náà wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, wọn kì í fẹ́ pààrọ̀ nǹkan."

Sufyan sún mọ́ Rokibat. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkú kò kúkú gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. "Òkú kò gbọ́? Èmi gbọ́! Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ó wọ àwọ̀n agbòjú, ó fín èéfín sí àpótí tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì fa férémù kan yọ, tó wúwo fún oyin. Ó di igi rẹ̀ mú létí méjèèjì, ó dà á dùbúlẹ̀ gbalaja, bí ẹni gbé àwo. Afárá kò mì.

"Kẹ̀kẹ́ kan náà ni mo lò, sà. Búrọ̀dá Sufyan, ẹ dà tiyín bẹ́ẹ̀!"

Nínú férémù Sufyan, ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí afárá rẹ̀ kò já. Sufyan kò mira. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé e, ó dà á dùbúlẹ̀. Pọ̀ọ̀! Afárá já bọ́ sílẹ̀ lódindi.

"Sùbúhánàlláhì! Sufyan, wáyà dà?"

Sufyan tẹrí ba.

"O puró mọ́ ẹni tí kò lè dá ọ lóhùn! Láti òní lọ, kò sí bọ́ọ̀lù. Gbogbo férémù oko yìí, ìwọ ni yóò na wáyà wọn." Ó yíjú sí Rokibat. "Ìwọ ńkọ́, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Látìgbà yẹn? O sì ń wò ó títí oyin fi kú?"

Ìbínú Rokibat kò ríbi gbà mọ́. Àánú ẹ̀gbọ́n ló rò pé òun ń ṣe. Kò mọ̀ pé orí bàbá òun ni ẹ̀bi yóò já lé. Bí a bá bo iṣẹ́ èké mọ́lẹ̀, aláìṣẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Bàbá Kékeré fi kẹ̀kẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́, Sufyan na wáyà àkọ́kọ́, ó gbé e wá. Rokibat fìka ta á. Kò dún.

"Ẹ tún un nà," ó wí.