Ihò Tí Kò Sí Lára Gásíkẹ́ẹ̀tì

"Gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá," ni bàbá wí lórí àga tó jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ́ wà lórí àpótí. "Gbogbo ihò tó wà lára ògbólógbòó yìí gbọ́dọ̀ wà lára tuntun. Bí ẹyọ kan ò bá sí, má rà á."

Yárayára gbé gásíkẹ́ẹ̀tì náà síbi fèrèsé. Pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni, ó dúdú fún epo. Àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kí omi àti epo má baà pàdé, ṣùgbọ́n èyí ti jóná. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Yárayára lọ, òun náà ni bàbá sì fi ń gbé èrò tí gbogbo ilé fi ń jẹun. Mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré ti tú ẹ́ńjìnnì, ó ti pààrọ̀ àwọn síìlì rọ́bà tó ti gan. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Kì í ṣe orúkọ àbísọ ni Yárayára. Kò sí iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà kì í tètè parí, ìyá rẹ̀ ló sì máa ń lọ tún un ṣe.

Ní ọjà páàtì ọkọ̀, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù títí ó fi sú u. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé. Oòrùn mú, fóònù rẹ̀ ò sì sinmi: àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti pé síbi tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́, òun nìkan ni wọ́n ń retí, wọ́n sì ní àwọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Níkẹyìn, ìyá kan tó ń ta páàtì fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ògbólógbòó lé tuntun, ó na méjèèjì sí oòrùn. Àwọn ihò ńlá bára mu. Ihò kékeré kan ní igun, tí kò ju orí ìṣó lọ, ni kò sí lára tuntun.

"Tiyín kọ́ nìyí, ọmọ mi," ni ìyá náà sọ. "Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé tiyín ló ni ín. Lọ sí ìlà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn àlòkù ọkọ̀."

Ìlà ẹ̀yìn jìn, ẹrẹ̀ sì kún ọ̀nà rẹ̀. Yárayára wo ọ̀nà, ó wo fóònù. Ihò tí ò ju orí ìṣó lọ, kí ló lè ṣe? Ó bẹ ìyá náà títí tó fi tà á fún un. Nígbà tó rántí pé mẹkáníìkì máa fẹ́ gbé méjèèjì léra wò, ó ju ògbólógbòó sínú gọ́tà, ó sì sáré lọ ya fọ́tò. Ẹ̀rín rẹ̀ dára púpọ̀ nínú fọ́tò náà.

Mẹkáníìkì béèrè ògbólógbòó. Yárayára ní ó já bọ́ sí gọ́tà.

"Ṣùgbọ́n o ti gbé wọn léra wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ihò ló pé."

Ọkùnrin náà kì í di ohun tí kò fojú ara rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni, ọmọ ẹni ni. Ó rí i pé àwọn ihò ńlá bá ẹ́ńjìnnì mu, ó gba ọ̀rọ̀ Yárayára gbọ́ lórí ti kékeré, ó sì dì í. Ihò kékeré yẹn sì ni epo ń gbà gòkè lọ sí orí ẹ́ńjìnnì.

Kò pẹ́ tí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbà-gbà-gbà láti orí rẹ̀, tó sì gan pa pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Lójú gbogbo oníbàárà, bàbá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní olè, ó ní ayédèrú ló fi ba òun láyé jẹ́. Mẹkáníìkì mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó rí igun tí ihò ò sí, ó sì gbójú sókè wo Yárayára. Ó dúró dè é. Yárayára ń wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo dì í," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹjọ́ mi ni."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà ti ń yẹra fún un. Bàbá di awakọ̀ fún ẹlòmíì, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó sì ń pariwo mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà ni wọ́n tà fún àwọn tó ń tú àlòkù ní ìlà ẹ̀yìn.

Bàbá mú Yárayára dání láti lọ kó ẹrù wọn tó kù nínú rẹ̀. Lára ògiri, lókè ọkọ̀ náà gan-an, gásíkẹ́ẹ̀tì kan ń fì lórí ìṣó, eruku ti bò ó. Yárayára gbé e sókè síbi oòrùn. Ihò kékeré wà ní igun. Ẹni tó ni ibẹ̀ ní ó ti pẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Yárayára ti bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ fún bàbá. Bàbá ò nà án, kò sì bú u. Ó kàn yí padà, ó ń tiro lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, Yárayára ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Dìde," ni mẹkáníìkì wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo tú u. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìwọ lè pè mí ní olè." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn kì í sọ fún un pé òtítọ́ lè dé kó má bá ohun tó ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè gba ẹlòmíì là. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí Yárayára yára ṣe láyé rẹ̀, òun ló fi falẹ̀.