Ó Ti Yanjú

Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín. Ó ṣojú mi kòrókòró, inú sì ń bí mi títí dòní.

Èmi ni olùkọ́ tó ń mójú tó àlàáfíà àwọn ọmọ nílé-ìwé wa, ilé-ìwé ọkùnrin. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò jẹ̀bi. Kí ni mo ní fún wọn ju pẹ̀lẹ́ lọ? Bí mo bá kọ ẹjọ́ ọmọ sílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé á gbé òǹtẹ̀ rẹ̀, á lù ú: Ó TI YANJÚ. Ó parí nìyẹn.

Ọmọ ọdún méjìlá kan wà tí àwọn sẹ́níọ̀ ń nà ní yàrá tó ń sùn sí nílé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òǹtẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta, ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá pè é, á kàn máa wò wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ìwé ìkẹrin lọ bá ọ̀gá.

"Àǹtí, ẹ tún dé," ọ̀gá ní. "Ọkùnrin mà ni. Ẹ jẹ́ kó le."

Ó lu òǹtẹ̀.

"Rárá, sà."

Ohùn ọmọdé, láti abẹ́ òǹtẹ̀. Mo mọ ohùn náà bí ẹni mowó. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ náà wà ní kíláàsì lódìkejì, ó ń kọ̀wé, ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Ta nìyẹn?" ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, sà," mo ní. "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

Síbẹ̀ ọ̀gá kọ̀! Ó ti òǹtẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti yanjú.

"Rárá, sà," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ni.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Mo ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kó wá mú un lọ. Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, a ń kọjá lẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gá. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

"Rárá, sà. Rárá, sà," ohùn náà ń wí láti inú.

Ìyá dúró. "Àǹtí, ọmọ mi wà nínú ibẹ̀ yẹn."

"Ọmọ yín rèé, mà."

"Mo rí i. Mi ò lè mú ààbọ̀ ọmọ lọ sílé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn.

Láti inú ọ́fíìsì, ohùn náà ní, "Màámi."

Mo wo ọmọ náà. Ẹnu rẹ̀ ò mì.

Mi ò sọ pẹ̀lẹ́. Mo bá ìyá rẹ̀ lu ilẹ̀kùn náà.