Iṣẹ́ Tí Mùyídéènì Sọ Fún Bàbá Mi

Ojú pópó kan ní Neukölln, ní Berlin, ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ mi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ti sọ wá di tọkọtaya.

Altona ní Hamburg ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí Àǹtí Múríkátù, àbúrò ìyá mi, ní Berlin, mo bá àwọn ará Spain kan tí wọ́n ń ya fíìmù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi. Fíìmù nípa àwọn ọmọ Spain tó wá ṣiṣẹ́ ní Germany ni. Wọ́n nílò èrò tí yóò máa kọjá lẹ́yìn àwọn òṣèré. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Emilia, tó ń to èrò náà, fà mí lọ́wọ́ kan, ó fa ọkùnrin Yorùbá kan lọ́wọ́ kejì. Ó ní kí a ṣe bí ọkọ àti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú wọn dé, ó sì gbé àpótí ńlá kan fún wa.

Òfìfo ni àpótí náà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí ṣe gbé e báyìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ìbàdí mú.

"Ẹ rọra o," mo sọ fún un lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Gàrí ìyá ìyàwó mi ló wà níbẹ̀," ó dáhùn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àpò méjì gbáko."

Ẹ̀rín pa mí, mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ní kí a tún un ṣe. Nígbà tí a parí, ó ní Mùyídéènì lorúkọ òun, ọmọ Ìsẹ́yìn.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe ní Berlin?" mo bi í.

"Mo kàwé ẹnjiníà. Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní kíṣìnì òtẹ́ẹ̀lì."

Bó ṣe sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò ó, inú mi yọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sunday ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Hamburg. A ó rìn létí odò Elbe títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro wá.

"Rónkẹ́ mi," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "bí mo bá ti rí ọ, á dà bíi pé mo ti délé."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò pẹ́ tí mo fi mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá mi lórí fóònù.

Èjìgbò ni bàbá mi, Alhaji Bádárù, ń gbé. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wo Mùyídéènì lójú fóònù títí.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Mùyídéènì tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ẹnjiníà ni mí, sà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú omi."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ti ń ṣàdúrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹbí ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ká ohùn jẹnẹrétọ̀ wọn tó bàjẹ́ sórí fóònù, wọ́n ní kí Ẹnjiníà gbọ́ ọ, kó sọ ohun tó ń ṣe é.

"Kí ló dé tí o parọ́ fún bàbá mi?" mo bi í.

"Ojú ló tì mí. Ṣé kí n sọ fún Alhaji pé ẹni tó ń fọ abọ́ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn ni?"

"Èmi ńkọ́? Ṣebí mo mọ̀, mo sì gbà."

Mo sọ fún un pé mi ò lè fi irọ́ pilẹ̀ ilé mi, pé kó má wá mọ́ títí yóò fi sọ òótọ́. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rí i. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, Emilia fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì. Ilé sinimá kan ní Altona ni. Mo jókòó tán ni mo rí Mùyídéènì tó wá jókòó tì mí. A kí ara wa bí àjèjì.

Èrò rẹ́rìn-ín gidi. Ìgbà tó yá nínú fíìmù náà, ìyá kan dé láti Spain láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì bá ọmọ rẹ̀ tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá níbi tó ti ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Ìyá náà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú àkísà, ó bá ọmọ rẹ̀ fọ̀ ọ́. Mo gbọ́ tí Mùyídéènì ń fa ikun.

Níta, ó di ọwọ́ mi mú. "Dárí jì mí, ìfẹ́ mi. Ọ̀la ni màá sọ fún wọn."

Inú kíṣìnì ló ti pe bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abọ́ ga bí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà wà lórí fóònù láti Altona.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mo parọ́ fún yín. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí."

Bàbá mi pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ìyá mi ní ṣe ni bàbá kàn ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo rò pé ó ti tán. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n pe àwa méjèèjì.

"Mùyídéènì, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo lọ sí Abidjan. Gbogbo Èjìgbò ló mọ̀ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ níbẹ̀." Wọ́n wúkọ́. "Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù ni mo rù lọ́jà fọ́dún mẹ́fà. Bàbá mi kú, wọn ò mọ̀."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn wọn. "Bàbá Rónkẹ́, alárù?"

"Alárù ni mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fi mọ́tò ṣeré dé etí òkun?"

"Mo ti ọmọlanke débẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n nu ojú.

"Ohun tí ìwọ sọ lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, èmi ò ní ìgboyà láti sọ ọ́ láti ogójì ọdún. Ẹni tó ń fọ abọ́ ni mo fi ọmọ mi fún. Ẹnjiníà yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n."

Mọ́sálásí kan ní St. Georg ni wọ́n ti so yìgì wa. Àǹtí Múríkátù gbé oúnjẹ wá láti Berlin, Emilia jókòó tì wọ́n, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá mi ṣàdúrà láti Èjìgbò títí iná fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mùyídéènì ti kó wá sí Hamburg báyìí. Ó ṣì ń fọ abọ́, ó sì ń wá iṣẹ́ tó kọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Emilia tó fà wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù, tí wọ́n gbà kí ojú tì wọ́n lágbàlagbà, kí ojú má bàa ti ọkọ mi mọ́.