Àlàfo Mọ́kàndínlógún

Páálí káàdì àtijọ́ ni ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò gbé dání ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Ó ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn kí ó tó rántí pé ó yẹ kí òun kan án.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Òfin?" ni ó bi ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀.

"Orúkọ tí ẹ̀yin ará láàbù fún mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé páálí yẹn lé tíì mi lórí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dára, ọmọbìnrin náà sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun rí i.

Orúkọ ìnagijẹ yẹn kò dùn ún, ó ń fi í yangàn ni. Òun ló ṣe àtẹ tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹni tó bá fún ilé ìwòsàn lẹ́jẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi òfin kan dè é: ẹni tí a kò bá kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àtẹ kò ní gbà á wọlé. Ọ̀gá ilé ìwòsàn pariwo títí, òfin kò yẹ̀.

Ṣùgbọ́n igba káàdì gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù tó parí, àwọn kan nínú wọn sì ní àlàfo níbi irú ẹ̀jẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo yọ òfin yìí o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Tá a bá parí, màá dá a padà."

Ọkùnrin náà ń kà, òun ń tẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, ọmọbìnrin náà ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì dá a lójú pé òun nìkan kọ́ ni ìfẹ́ ń dà láàmú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fẹ́ dá òfin padà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Àlàfo mọ́kàndínlógún ló wà nínú àtẹ, bí wọ́n bá sì wà níbẹ̀, òfin kò lè padà.

"Kọ irú ẹ̀jẹ̀ O sí gbogbo wọn," ni ọkùnrin náà wí láìwo ojú rẹ̀.

"Kí lo wí?"

"Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ìyá mi ló kọ àwọn káàdì yẹn."

Ta ni kò mọ ìyá rẹ̀? Àgbà nọ́ọ̀sì ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ sì wà lára ògiri.

"Lọ́la ni mo fẹ́ mú ẹ lọ kí wọn. Ṣé àṣìṣe wọn la máa gbé lọ bá wọn?"

"Tí mo bá fi irọ́ dí i, òfin máa gbà á, kò mọ irọ́ yàtọ̀. Ara aláìsàn ló máa mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n n ò ní ṣe é."

Ọkùnrin náà jáde láì dágbére. Tíì tutù níwájú ọmọbìnrin náà, kò fẹnu kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà tantan wọlé, ọmọ rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n ti bá wí. Ọmọbìnrin náà dìde fìrì.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Àwọn káàdì mi dà?" Ó fi awò ojú rẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwọ lo ní wọn ò gbọdọ̀ fi irọ́ dí i?"

"Èmi ni mà. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọmọ yìí rò pé mo gbàgbé ni. Èmi kẹ̀! Ọjọ́ tí aláyẹ̀wò ò bá wá, n kì í kọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí n ò bá fojú ara mi rí, n kì í kọ ọ́. Ọ̀gá mẹ́ta ló bá mi jà lórí ẹ̀, kò sí èyí tó borí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àṣírí wo lo fẹ́ bá mi bò?"

Ó jókòó, ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ni káàdì náà. Àwọn mọ́kànlá wá, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Àwọn méje ti kú tàbí kó lọ, ọmọbìnrin náà sì ṣe àtẹ mìíràn fún wọn lọ́tọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ṣì wọ́n lò. Ó ku ẹyọ kan.

"Èyí, ilé mi ló wà," ni ìyá wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ ni, bíríkìlà gìrìwò tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà. Ní láàbù, ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni ó dì mú.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fún wọn lẹ́jẹ̀ rí, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí wojú mi ni."

"Mo wò ó dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ti dákú."

Ọmọ wọn fúnra rẹ̀ ló yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. "Irú A ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "O ṣeun tí o ò gbọ́ tèmi. Orí mi wú nítorí rẹ."

Wọ́n padà sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin náà tẹ A, ó sì dá òfin padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kò jiyàn.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Tí káàdì mìíràn bá dé, ṣé a tún lè yọ òfin yẹn?"

"Ẹ bi ìyàwó ọmọ mi," ni ìyá dáhùn.

"Mà, wọn ò tíì bi mí o!"

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀, "kí n fojú ara mi rí i."

Ọkùnrin náà mú káàdì tuntun kan nínú páálí, ó kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ìdáhùn tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá.

Àgbà nọ́ọ̀sì gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wo káàdì náà láti òkè délẹ̀.

"Ó pé," ni ó wí. "Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀."