Àwọn Tó Lóṣòó Níwájú Pèpéle

Kifayat ò tíì rí ọkùnrin tó lóṣòó sínú oòrùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sán gangan ni, ní Iléṣà, níbi tí ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Fámódùn, ti ń polongo ìbò. Àfín ni ọkùnrin náà, ó dé àkẹtẹ̀ ńlá, ó sì ti gba máíkì. Àwọn àfín méjìlá mìíràn lóṣòó tì í níwájú pèpéle.

“Màmá, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ẹ fẹ́ràn wa,” ló wí. “A gbọ́, ẹ ṣeun. Ojú ìwé wo nínú ètò yín lẹ kọ awò ojú àti ìpara awọ ara wa sí? Ta ló sì kó wa sínú oòrùn, tí gbogbo èèyàn tó kù wà lábẹ́ àtíbàbà?”

“Ẹ̀yin ọmọ mi, tiyín ni mò ń ṣe! Ẹni tá a jọ ń díje ò kí yín rí. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ wá dójú tì?”

“Ẹni tó fẹ́ràn wa la lè bi léèrè, Màmá. Ọmọ Òṣómàáló ni wá. Òṣó la máa ló títí ẹ ó fi dáhùn.”

Ariwo sọ. Ta ni ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ làwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ àtijọ́ ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó rajà láwìn, títí á fi sanwó?

Kí n má purọ́, ojú ti Kifayat ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Òun ló to àga. Òun ló kó àwọn àfín síwájú, kí wọ́n lè hàn nínú fọ́tò. Ó mú agbòòrùn, ó lọ ṣí i lé ọkùnrin náà lórí.

“Èmi ni mo kó yín sínú oòrùn. Ẹ má bínú.”

Ó gbójú sókè. “Ìwọ ni? Ẹni tó rẹwà báyìí, tó tún burú báyìí!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Bá mi lóṣòó ná.”

Ló bá lóṣòó, lójú ọ̀gá rẹ̀! Ìyáàfin Fámódùn wò wọ́n títí, ó ní lóòótọ́ òun ò tíì kọ nǹkan kan, òun á kọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó sì kọ ọ́. Kifayat ló tẹ̀ ẹ́, òun ló sì gbé e lọ fún Awwal, orúkọ ọkùnrin náà nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò ni.

Láti orí ìwé, ó di orí fóònù. “Ọmọ Òṣómàáló,” ni Kifayat máa ń wí, “ta lo tún lọ ká mọ́lé lónìí?”

“Ìwọ nìkan ló kù, olólùfẹ́ mi.”

Bàbá Kifayat, Àlàájì Mùstàfá, fẹ́ràn Awwal gan-an. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ jiyàn bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tí Awwal bá ń bọ̀ nílé wọn ní Dàda Estate, Àlàájì á ní kí ilẹ̀ kọ́kọ́ ṣú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì dé, ó ní, “Ọmọ dáadáa ni o. Ṣùgbọ́n kí laráyé á wí?”

Awwal gbọ́, kò wá mọ́. “Mo lè bi olóṣèlú léèrè, Kifayat. Mi ò lè bi bàbá rẹ.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ ò wọ Kifayat lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ràn Awwal?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

“Kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kó wá lójú mọmọ?”

“Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ká ní ẹ kórìíra rẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ tún ń fi í pa mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tó o bá bí ọmọ tó jọ ọ́, ojú tí ayé máa fi wò ó…”

“Ojú ayé ni, àbí ojú yín?”

Àlàájì dorí kodò. Ó fa fóònù yọ, ó gbé e sí sípíkà, ó pe Awwal.

“Awwal, ọmọ mi. Sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ mi lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mọ́sálásí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Èmi fúnra mi máa dúró ní géètì, kí gbogbo àdúgbò rí ẹni tí mò ń kí káàbọ̀.”

“Bàbá, ẹ ṣeun o. Kifayat ńkọ́?”

Kifayat sún mọ́ fóònù. “Ọmọ Òṣómàáló, mo wà níbí,” ló wí pẹ̀lú ẹkún ayọ̀.