Iná Èédú Nínú Ilé Ọ̀rá Tòmátì

Kò sí ará Ìyìn-Èkìtì tó ń gba ẹ̀yìnkùlé Ajíbádé kọjá tí kì í dúró wo ilé ọ̀rá rẹ̀. Ọparun ló fi ṣe òpó, ọ̀rá funfun ló fi bò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbin tòmátì sínú rẹ̀ ní ìlà méje. Ajíbádé kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó bá ti dáwọ́ lé nǹkan, kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtara láìsí ìmọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó ń gbé ènìyàn lọ.

Orí fóònù ló ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kan nínú fídíò sọ pé afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí jáde ni ewéko fi ń ṣe oúnjẹ, pé bí àgbẹ̀ bá lè ṣe é fúnra rẹ̀ nílé, tòmátì rẹ̀ yóò tóbi bí ìkúùkù. Kò parọ́ o. Ewéko ń lo afẹ́fẹ́ yẹn lóòótọ́. Èyí tí kò sọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Kẹ́ẹ̀gì ni Ajíbádé fi bẹ̀rẹ̀. Ó da ṣúgà, yíìsì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀, ó dé e pinpin, ó tún fi rọ́bà so ẹnu rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ náà má baà jò dànù. Aládùúrà paraku ni Ajíbádé, kò fi ẹmu kan ẹnu rí. Ká ní ó ń mu ún ni, ì bá ti mọ̀ pé a kì í dé ohun tó ń hó pa. Ní ọjọ́ kẹta, kẹ́ẹ̀gì bú gbàù! Omi ṣúgà bò ó lójú, ìyàwó rẹ̀ Títílọpẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ gbá ikùn mú.

"Rọra rẹ́rìn-ín," ni Ajíbádé wí, ó ń nu ojú. "Rántí ẹni tó wà níbẹ̀."

Oyún oṣù márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wá a.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká tọ́jú tòmátì yìí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Títílọpẹ́ wí.

"Mi ò ní padà lẹ́yìn. Fídíò yẹn ní iná èédú tún yá ju kẹ́ẹ̀gì lọ."

Ó lu ihò sí ara garawa irin kan, ó kó èédú sí i, ó dáná sí i, ó sì gbé e sí àárín ilé ọ̀rá. Ó so ẹnu ọ̀nà pa, ó tún kó yẹ̀pẹ̀ lé etí ọ̀rá tó kan ilẹ̀. Àràárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, inú ilé ọ̀rá yẹn ni Títílọpẹ́ ti máa ń gbàdúrà. Agboolé wọn kún fún ariwo, kò sì sí ibi tó dákẹ́ tó àárín tòmátì. Ọyẹ́ tún ń fẹ́ nígbà náà, ibẹ̀ sì móoru. Láràárọ̀ ni yóò wọ sùtánà funfun rẹ̀, yóò wọlé, yóò so ẹnu ọ̀nà padà kí adìẹ má baà tẹ̀ lé e, yóò kúnlẹ̀ sáàárín poro.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e. Ó kọ́kọ́ ní oyún ló fà á. Nígbà tí kò lọ, ẹ̀rù bà á.

"Ogun nìyí," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Wọn ò fẹ́ kí n bí ọmọ yìí. Mi ò ní gbà fún wọn."

Ó bá fi kún àdúrà. Ìdajì wákàtí di wákàtí kan, wákàtí kan di méjì. Ẹ gbọ́ o, ibi tó ti ń gbàdúrà ló ń fọ́ ọ lórí, ibẹ̀ náà ló sì ń pẹ́ sí kí orí lè yé fọ́ ọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Monínúọlá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì, yà wá sọ́dọ̀ Ajíbádé.

"Ajíbádé, ìyàwó ńkọ́? Ọjọ́ kílíníkì rẹ̀ lòní, mi ò rí i."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì Nọ́ọ̀sì. Ó wà nínú ilé ọ̀rá, ó ń gbàdúrà. Orí ló ń dà á láàmú."

"Ṣé gbogbo ìgbà ló ń fọ́ ọ?"

"Rárá o. Bó bá jáde síta tó pẹ́ díẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tí a lọ sí ìsìn ní Adó, kò fọ́ ọ rárá. Èmi alára, bí mo bá dáná tán níbẹ̀, orí mi máa ń wúwo."

"Iná? Iná wo nínú ilé ọ̀rá?"

Kò tíì ṣàlàyé tán tí nọ́ọ̀sì fi sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. "Títílọpẹ́! Títílọpẹ́ o!" Kò sí ìdáhùn. Láti ìta, wọ́n rí sùtánà funfun náà gbalaja lórí ilẹ̀.

Ajíbádé fẹ́ sáré wọlé. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀wù rẹ̀ padà.

"Má wọ ibẹ̀! Bó o bá wọlé báyìí, ẹni méjì ni mo máa wọ́ jáde. Ya ọ̀rá yẹn!"

"Mọ́mì, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni o!"

"Ajíbádé! Ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ ńkọ́?"

Ajíbádé fa àdá yọ, ó ya ọ̀rá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ya ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ya ẹ̀yìn. Ọyẹ́ fẹ́ wọlé fìì. Ó wá di èémí mú, ó bẹ́ sínú, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ jáde sí gbangba.

Ó ń mí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ọkọ̀ aládùúgbò kan ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Adó. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú títí ọjọ́ fi rọ̀. Nígbà tí dókítà gbé ẹ̀rọ lé e ní ikùn, Ajíbádé kò lè wò ó, ó kọjú sí ògiri.

"Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa," ni dókítà wí.

Ajíbádé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún láìtijú.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Títílọpẹ́ ti lè jókòó, ó bi nọ́ọ̀sì Monínúọlá léèrè: "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ogun ni?"

"Èédú ni, ọmọ mi. Èédú tó ń jó níbi tí atẹ́gùn kò ti rí àyè wọlé máa ń tú gáàsì olóró kan jáde. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì ni wọ́n ń pè é. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé afẹ́fẹ́ rere mọ́. Ó sì burú fún ọmọ inú ju ìyá lọ. Àdúrà kò burú. Ibi tí o ti ń gbà á ló burú."

"Kẹ́ẹ̀gì ṣúgà àti yíìsì tí mo dé pa, tó bú mọ́ mi lójú ńkọ́?" ni Ajíbádé béèrè.

Nọ́ọ̀sì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọkùnrin yìí! A kì í dé e pa, a kì í sì í gbé e sí yàrá tí ènìyàn ń sùn, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ náà, bó bá pọ̀ níbi tó sé pa, ó lè dá èémí dúró. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ fi ṣe? Ohun tí tòmátì rẹ ń wá wà nínú atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá sókè kó rí i gbà. Lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, kí wọ́n sọ nípa ajílẹ̀ àti omi fún ọ."

Ajíbádé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kò sì fi ọ̀kan pa mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi í bóyá tòmátì náà tiẹ̀ tóbi.

"Ó tóbi," ni Ajíbádé wí. "Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyàwó mi jáde, orí tòmátì náà ni mo tẹ̀ kọjá."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe dáná èédú, igi, tàbí kẹrosín-ìn sínú ilé ọ̀rá tàbí yàrá tí a sé pa, ì báà ṣe nítorí ohun ọ̀gbìn, ì báà ṣe nítorí òtútù. Bí orí bá ń fọ́ yín níbì kan tó sì ń lọ bí ẹ bá jáde, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú irú ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ẹ ké sí ènìyàn, kí ẹ tó wọlé. Ẹ má ro iye tí ọ̀rá yóò ná yín. Bí tòmátì bá kú, a ó tún òmíràn gbìn. Ẹni tó bá kú sáàárín poro, ta ni yóò gbìn ín padà fún wa?