Ta Ni Yóò Sọ Pé Òun Mọ Àlàní?

Ní ọdún 1954, Àlàní aránṣọ kó láti Kuta wá sí Ìwó. Ó mọ aṣọ rán gan-an ni, ṣùgbọ́n ọtí ti sọ ọ́ di ẹrú.

Bí ó ti ń wá yàrá, Ògúnbáyọ̀ káfíńtà, Kristẹni kan tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tó sì ti mọ̀ ọ́n láti Kuta, pè é. “Àlàní, yàrá kan ṣófo nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àdúgbò náà tòrò, ìyàwó rẹ sì lóyún.”

Àlàní bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kí agogo yín máa jí mi ní ìdájí? Ẹ gbà mí o! Ibi tí ẹmu wà ni tèmi.”

Kò béèrè kànga, kò béèrè irú ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu nìkan ló fi yan àdúgbò. Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sunkún títí, kò gbọ́. Nítorí pé onílé kì í fẹ́ gba àjèjì láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, Adéyẹmọ tí wọ́n jọ ń mu ló dúró fún un tó fi rí yàrá gbà.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí wọ́n ti wà níbẹ̀, Àlàní lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Kuta. Nígbà tó dé, ẹrù rẹ̀ wà nínú òjò, Oyèníkẹ́ jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ, ó ń gbọ̀n. Adéyẹmọ ti sọ fún onílé pé ọ̀mùtí ni Àlàní, òun kò dúró fún un mọ́. Àbúrò ìyàwó Adéyẹmọ ló sì ti wà nínú yàrá náà!

Àlàní sáré lọ bá a ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. “Adéyẹmọ! Ṣé ìwọ náà nìyí? Ìwọ tí a jọ ń mu nínú igbá kan!”

“Irọ́ ni mo pa? Ṣé o kì í ṣe ọ̀mùtí ni?” Gbogbo ìsọ̀ ẹlẹ́mu rẹ́rìn-ín.

Ha! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ náà dun Àlàní wọ eegun.

Wọ́n ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: “Ta ló mọ̀ ọ́?” Kò rí ẹnì kankan dárúkọ, ìrọbí sì ti mú Oyèníkẹ́.

Wọ́n dé ilé Àfáà Àmúdà, baba arúgbó kan. Ògúnbáyọ̀ ń tún ilẹ̀kùn ṣe níbẹ̀. Ojú ti Àlàní, ó fẹ́ pẹ̀yìn dà.

Ògúnbáyọ̀ ju òòlù sílẹ̀. “Bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ó ń mutí. Ẹ gbà á, èmi ni mo dúró fún un.”

“Bí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tó,” ni baba wí. Wọ́n gbé Oyèníkẹ́ wọlé, ó sì bí tibi-tire.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fi yín ṣẹ̀sín,” ni Àlàní wí. “Kí ló dé tí ẹ ṣe èyí?”

“Kì í ṣe pé o dára. Jésù ló kọ́kọ́ dúró fún èmi, nígbà tí mo burú jù ọ́ lọ. Ó mọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, síbẹ̀ ó kú fún mi.”

Àlàní wólẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. “Jésù, gba èmi náà!” Láti ọjọ́ náà, kò tọ́ ọtí wò mọ́.

Ìwọ tí ò ń kà á, má tan ara rẹ. Àwọn tí ẹ jọ ń jayé yóò sẹ́ ọ. Nígbà tí o bá dúró níwájú Ọlọ́run, ta ni yóò sọ pé òun mọ̀ ọ́? Jésù ṣetán láti sọ ọ́ lónìí. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì ké pè é nísinsìnyí.